Àìsàn níbi ìsinmi pákéèjì: àwọn àṣìṣe tó ń gba ẹ̀tọ́ mọ́ ará wa lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló ń kó ọmọ lọ sí Antalya, Tenerife tàbí Hurghada lásìkò họlidé, tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á sì bá wọn padà wálé. Wọ́n á ní, "Ó ti lọ, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́." Ọpẹ́ yẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn fún ìsinmi, tó wá ń sáré lọ sáré bọ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí adìẹ tí wọn ò sè jinná, ó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni òfin ìrìn-àjò pákéèjì (ìrìn-àjò tí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, hòtẹ́ẹ̀lì àti irú wọn pọ̀) tó wà lóde báyìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣètò pákéèjì yín ló máa dáhùn fún ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì bá ṣe, bí hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ò tilẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ẹ ò ní láti wá lọ́yà ní Tọ́kì tàbí Íjíbítì. Ilé-iṣẹ́ yẹn níbí lẹ máa mú.

Ẹ̀rí ni ìṣòro ibẹ̀. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ tọkọtaya kan tó ṣàìsàn ní Dominican Republic. Àwọn adájọ́ ní bí oúnjẹ inú pákéèjì bá ní kòkòrò àrùn, ilé-iṣẹ́ ti yẹ àdéhùn, ì báà jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì sa gbogbo ipá rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tó ṣàìsàn lẹ máa fi hàn pé oúnjẹ náà ló fà á. Pé inú run yín nìkan ò tó, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún gbogbo ohun tó lè ba ẹ̀rí yín jẹ́.

Èyí tó burú jù ni dídákẹ́. Wọ́n tọ́ wa pé àlejò kì í ráhùn lórí oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un. Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn nílé àna, ṣùgbọ́n ẹ fowó yín ra oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin 2018 fúnra rẹ̀ ní kí arìnrìn-àjò tètè fi àléébù tó bá rí tó ilé-iṣẹ́ létí, kó má fi falẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ délé tán kí ẹ tó kọ̀wé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni ìdí tí ẹ ò fi sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà lọ́hùn-ún.

Sísọ ọ́ létí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbàlejò nísàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ò tó. Á ní ẹ pẹ̀lẹ́, ó parí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣètò pákéèjì, ní kíkọ, lórí áàpù wọn, ímeèlì tàbí WhatsApp aṣojú wọn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ejẹ́ńtì lẹ ti rà á, ẹ lè kọ ọ́ sí ejẹ́ńtì náà. Òfin kà á sí pé ilé-iṣẹ́ ti gbọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún dókítà: "Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì, ọmọ wa ọlọ́dún méje bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, ìyá rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, adìẹ yíyan tí a jẹ ní gbọ̀ngán oúnjẹ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lára egungun. Àwọn tó wà ní yàrá kejì náà ń ṣu, wọ́n ń bì." Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú: àwo ẹran tí kò ní ìdérí tí eṣinṣin ń bà lé, ṣíbí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń bu ẹran tútù àti èyí tó jinná, ìrẹsì tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sán tí wọ́n tún gbé jáde lálẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà àwọn àlejò mìíràn tó ṣàìsàn, torí ẹ̀rí wọn wúlò gan-an.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an: Flagyl. Bóyá ni ìyá Nàìjíríà kan ń rìnrìn-àjò tí ẹ ò ní bá a nínú báàgì rẹ̀. Inú á kàn kùn díẹ̀, wọ́n á ti gbé méjì mì, wọ́n á tún fún ọmọ. Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Nílé, kẹ́mísì ló sún mọ́ni ju dókítà lọ. Àmọ́ norovirus, àrùn èébì tó ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ò gbọ́ ti Flagyl rárá, kì í sì í ṣe oògùn Salmonella tàbí Campylobacter, àwọn kòkòrò tó ń bá oúnjẹ wọnú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn téèyàn lò kó tó ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀, kí àyẹ̀wò má rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò yìí ló ń fọhùn jù níwájú adájọ́, torí ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti sọ ni pé norovirus ni, pé ọwọ́ àlejò mìíràn lẹ ti kó o, pé oúnjẹ àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ rí dókítà níbẹ̀, kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ara ò bá tíì yá nígbà tí ẹ délé, ẹ lọ sọ́dọ̀ GP, ẹ sọ ìlú tí ẹ ti ń bọ̀, kí ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó máa wo kòkòrò inú náà. Ní ti ìtọ́jú, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló ṣe kókó, pàápàá fún ọmọdé, torí omi ara wọn tètè ń gbẹ. Ẹ má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde tàbí bí ara bá gbóná. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ikùn òun ti gbó torí pé ó dàgbà ní Mushin. Bó bá jẹ́ Gáḿbíà lẹ ti dé tí ibà mú yín, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn mìíràn máa ń di ẹ̀bi ru oúnjẹ tí wọ́n jẹ kẹ́yìn. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Salmonella sábà máa ń gba wákàtí 12 sí 72 kó tó fara hàn, Campylobacter ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Cryptosporidium, tí kilorín inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í tètè pa, lè gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá kọ̀wé pé ẹja àárọ̀ yìí ló fa àìsàn ọ̀sán yìí, tí àyẹ̀wò wá fi Campylobacter hàn, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbéra, títí kan èyí tí ẹ jẹ níta. Ọkùnrin kan tó lọ sí Tọ́kì ní 2014 jẹun ní pápákọ̀ òfúrufú kó tó wọkọ̀, ó sì jẹun nínú ìlú lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ dìrọ̀ mọ́ ìyẹn. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ọkùnrin náà sì borí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, torí pé onímọ̀ kan kọ ìròyìn tì í lẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ò sì bi onímọ̀ náà léèrè ọ̀rọ̀ ní kóòtù kí wọ́n tó bẹnu àtẹ́ lu ìròyìn rẹ̀. Kò fi oúnjẹ ìta pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ náà ò dí i lọ́wọ́ àtiborí.

Ẹ má tètè buwọ́ lùwé. Wọ́n lè fi fáúṣà ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ̀ yín kí ẹ tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá. Ẹ kà á dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ni pákéèjì, o. Ó kéré tán, ẹ ní láti ra oríṣi nǹkan méjì pọ̀ fún ìrìn-àjò kan náà, bíi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Èkó lọ́tọ̀, tó wá lọ fúnra rẹ̀ gba hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n Ọ́mrà tí ejẹ́ńtì níbí tà fún Alhaji àti Alhaja, tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ́kà, pákéèjì ni, bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é lórúkọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ATOL lọ́wọ́ ejẹ́ńtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá sanwó. ATOL wà fún ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá wọko gbèsè; kò kan àìsàn. Adójútòfò ló ń san owó ilé ìwòsàn, káàdì ìtọ́jú ìlera GHIC sì wúlò ní Sípéènì, kò wúlò ní Tọ́kì tàbí Íjíbítì. Owó gbà-máà-bínú tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín tàbí bá yín lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì pé kí ẹ sáà sọ pé ẹ ṣàìsàn, ẹ sá fún un. Ní 2017, kóòtù ní Liverpool rán tọkọtaya kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí àìsàn irọ́ tí wọ́n ní ó mú wọn ní Mallorca. Ohun tí wọ́n kọ sórí ayélujára nípa bí wọ́n ṣe gbádùn ló tú wọn fó. Bí ẹ bá fi irọ́ lú òótọ́, adájọ́ lè da gbogbo ẹjọ́ nù, títí kan apá tó jẹ́ òótọ́. Àwọn bẹ́ẹ̀ ló mú kí wọ́n máa wo aláìsàn gidi bí ọ̀daràn, ó sì dùn mí.

Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ní England àti Wales. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú tàbí ọkọ̀ ojú omi, ọdún méjì péré ni. Ti ọmọdé tó ṣàìsàn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọdún mẹ́ta náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún 18, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé dókítà rẹ̀ àti rìsíìtì oògùn rẹ̀ títí ìgbà náà.