Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ọmọ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ní Àbújá

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé wá sí Kubwa, Gwarinpa, Nyanya àti Lugbe ni kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fadá tàbí ti àwọn Sísítà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wádìí nígbà tí ọmọ bá parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń yege nínú ìdánwò WAEC, pé a kì í gba ìwà ìpáǹle láyè níbẹ̀, àti pé géètì kì í ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òótọ́ ni èyí ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara ìgbé-ayé kan tí àwọn ọmọ jọ ń gbé, láti ìgbà tí agogo ìjí bá ti dún títí di ìgbà tí a bá paná, ni èsì ìdánwò yẹn ti ń jáde. Láti ìgbà tí mo ti ń bójú tó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, orísun kan náà ni mo rí pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ń gbà wá: òbí ń fẹ́ èsì, kò fẹ́ ìgbé-ayé tí ó bí i.

Àwọn tí ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò fi èrò wọn pamọ́. Loyola Jesuit College, tí àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àwọn Fadá kan nínú Ìjọ Kátólíìkì, ṣí ní Gidan Mangoro ní Àbújá ní ọdún 1996, fi iṣẹ́-ìsìn fún Ọlọ́run àti fún ọmọnìkejì ṣe ọ̀rọ̀ àmì rẹ̀, kò sì mẹ́nu ba máàkì nínú rẹ̀ rárá. Ìpàdé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé ní Vatican ti sọ ọ́ ní ọdún 1965 pé ohun tí ó yẹ kí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì mọ̀ ni irú àwùjọ tí ó wà nínú rẹ̀, àwùjọ òmìnira àti ìfẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ìhìnrere ti fi kọ́ni.

Nítorí náà, àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ni kí òbí buwọ́ lu fọ́ọ̀mù láì béèrè bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ níbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, wọ́n á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á lọ sí Mísà tàbí àdúrà òwúrọ̀, wọ́n á gbálẹ̀ yàrá àti àyíká, kí oúnjẹ àárọ̀ tó kàn. Bí ó bá di aago méjìlá ọ̀sán, agogo Áńgẹ́lúsì á dún, gbogbo kíláàsì á sì dìde gbàdúrà, ìbáà jẹ́ pé olùkọ́ ìṣirò ṣì wà ní àárín iṣẹ́ tí ó ń ṣe lójú pátákó. Oṣù kẹwàá jẹ́ oṣù Rosárì, oṣù karùn-ún jẹ́ ti Màríà Wúńdíá, oṣù kọkànlá sì jẹ́ ti àdúrà fún àwọn òkú. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣírí nínú wọn. Òbí tí ó dúró di àárín oṣù kẹwàá kí ó tó wá sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé ìjọ tòun kì í ki Màríà, tàbí pé Mùsùlùmí ni ìdílé òun, ti pẹ́ kó tó wá, nítorí ọmọ ni yóò dúró sí àárín àwọn àgbà méjì tí kò gbọ́ra wọn yé.

Òfin ilẹ̀ wa kò gbàgbé irú òbí bẹ́ẹ̀. Abala 38 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala kan náà ni ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dí ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ń fi owó ara rẹ̀ bójú tó. Òfin Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú ènìyàn wọ inú ìgbàgbọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó kù kò ju èyí lọ: kí òbí béèrè, ní ọjọ́ tí ó bá lọ gba fọ́ọ̀mù, ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò wà nígbà tí àwọn yòókù bá wà ní Mísà, bóyá yóò jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí inú ilé-ìkàwé lábẹ́ ojú olùkọ́ kan, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí sínú lẹ́tà. Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ gbígba Ara Kristi, oúnjẹ mímọ́ tí a ń pín níwájú pẹpẹ nínú Mísà, ni ó tún ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá láàárín àwa Yorùbá, tí a mọ ilé tí ìyá jẹ́ Áńgílíkà, tí bàbá jẹ́ Alhájì, tí ẹ̀gbọ́n àgbà sì ń lọ sí ilé Àgùdà, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ìwà rere ni èyí, n kò sì fẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń mú kí òbí sọ fún ọmọ pé kí ó máa tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, pé ohun gbogbo ọ̀kan náà ni. Ní Ìjọ Kátólíìkì, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ katikísìmù, tí a sì ti mú wọ inú ìjọ náà, ni ó ń gba Ara Kristi. Ọmọ tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí àyè rẹ̀, ní ibi púpọ̀ ó sì lè ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà lọ gba ìbùkún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì náà ní àṣìṣe tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n máa ń fi ẹni tí ó jókòó ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí wọ́n máa yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó wá forúkọ sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Ọmọ tí a bá sì ti rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, Ìjọ Kátólíìkì kì í tún un rì, nítorí náà kí òbí má ṣe fi ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ̀ pamọ́ bí ẹni pé yóò ṣe ọmọ náà ní jàǹbá.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́, àṣìṣe ibẹ̀ kò le púpọ̀. Ọmọ tuntun a máa forúkọ sílẹ̀ nínú YCS (ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì), nínú Lẹ́jíọ̀nù Màríà tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àdúrà àti iṣẹ́ àánú, nínú ẹgbẹ́ akọrin, nínú ẹgbẹ́ aríyànjiyàn àti nínú JETS ti àwọn onísáyẹ́nsì, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí nítorí pé ó ti gbọ́ pé àwọn akọrin kì í gé koríko ní ọjọ́ ìdánrawò. Lẹ́jíọ̀nù Màríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1921, ń ṣe ìpàdé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, a ń fún olúkúlùkù ní iṣẹ́, a sì ń gba ìròyìn iṣẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ márùn-ún kò lè ṣe èyí. Ẹgbẹ́ méjì tó, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀mí, kí èkejì jẹ́ ti ọpọlọ tàbí ti ara.

Níbi iṣẹ́ àánú ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Ìlànà tí YCS ń lò ni èyí tí Kádínà Joseph Cardijn ti ilẹ̀ Belgium fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́: kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà fi ìgbàgbọ́ gbé e yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni kí o ṣe nǹkan. Ohun tí a máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé a ti fo ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́. A ó kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, a ó lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tàbí sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno tí wọ́n wà ní ibùdó Durumi, a ó to páálí Indomie sílẹ̀, a ó ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ kékeré kan tí kò wọ bàtà, a ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn òbí náà á fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ní Ìbàdàn. Ta ni ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà kí a tó ya á? Ọmọ tiwa náà nìyẹn bí ó bá jẹ́ pé ilé tiwa ni wọ́n dáná sun.

Ohun tí ó sàn ni kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́, pẹ̀lú olùkọ́ wọn, kọ́kọ́ lọ láì gbé ẹrù, kí wọ́n jókòó ti alága ibùdó àti àwọn ìyá, kí wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìdáhùn máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu, nítorí ó lè jẹ́ ọṣẹ àti aṣọ nǹkan-oṣù ni àwọn obìnrin ń wá, tàbí ẹni tí yóò wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé kíkà ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ibùdó ti ní Indomie tí ó pọ̀ jù. Kí òbí má sì ṣe fi aṣọ tí ó ti ya ránṣẹ́ sí irú ibẹ̀. Bí ọmọ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún méjì, tí ó sì mọ orúkọ àwọn tí ó ń bẹ̀ wò, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ kan kò lè kọ́ ọ. Fọ́tò kò pọn dandan rárá.

Ọjọ́ àbẹ̀wò tún ni òmíràn, kò sì sí ibi tí ọwọ́ ńlá àwa Yorùbá ti ń hàn tó ibẹ̀. Kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, móínmóín elẹ́mìí méje, adìyẹ díndín, àga àti ìbòrí bí ẹni pé òde ìsìnkú ni. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní Zamfara tàbí ní Plateau, tí ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n wá, yóò jókòó lórí ibùsùn rẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Kí ni ó burú bí òbí bá sọ fún ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí ó mú ẹnì kan tí kò ní àlejò wá jẹun? Owó tí a sì ń ká sínú ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ń bójú tó ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí ni ó yẹ kí ó lọ, nítorí owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí ni àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà.

Nígbà Lẹ́ńtì, àkókò ààwẹ̀ tí ó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, àṣìṣe yí padà di ti ààwẹ̀. Òfin Ìjọ sọ pé ẹni tí ó ti pé ọdún 18 ni ààwẹ̀ di dandan fún, ẹni tí ó ti pé ọdún 14 ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran ní Ọjọ́rú Eérú tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ àti ní àwọn ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi dandan lé ọmọ JSS1 pé kí ó má jẹun àárọ̀, ìfìyàjẹni ni ó ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ní ọdún 2025, ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní láti bá àwọn alásè sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ sààrì ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ọmọ má baà gbààwẹ̀ lórí ebi.

Ọ̀rọ̀ àgbà akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò tán síbẹ̀. Nítorí pé a tọ́ wa dàgbà láti máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò sọ fún ọmọ pé kí ó fara dà á, pé bí wọ́n ṣe ṣe tòun náà nìyẹn, pé ó ń sọ ènìyàn di ọkùnrin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, kò fàyè gba kí a fi ìyà tí ó ń tàbùkù ènìyàn jẹ ọmọ. Kí a rán ọmọ kékeré lọ pọn omi yàtọ̀ sí kí a mú un kúnlẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí ọmọ bá sọ èkejì fún òbí, kí òbí gbà á gbọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kí ó sì mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lójúkojú dípò kí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn bá jẹ́ àgbàlagbà, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà wọ aṣọ funfun Fadá. Bí ó bá sì jọ ọ̀ràn òfin, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí.

Ọjọ́ Àṣà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ń yá aṣọ òkè olówó ńlá fún ọmọ tí kò lè ki oríkì ara rẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìpè fóònù kan péré yóò yanjú rẹ̀. Kí ọmọ náà sì mọ bí a ṣe ń kí àwọn Gbagyi, nítorí ilẹ̀ wọn ni ó ń tẹ̀.

Ó wá ku àwọn tí ń yọ ọmọ kúrò ní SS3 lọ sí ibi tí a ti ń ta èsì WAEC. Wọ́n á sọ pé àdúrà àti ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí ó kàwé. Mo ti rí i pé ọmọ tí ó jẹ́ aṣáájú akọrin tàbí alákòóso ilé-ìkàwé ní SS2 kì í sábà fìdí rẹmi nínú ìwé, nítorí ó ti mọ bí a ṣe ń pín àkókò. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a sì fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò oṣù karùn-ún, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sì ń fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí WAEC, nítorí náà ẹni tí ó bá lọ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ń wá wàhálà. Bí ó bá jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lé òbí jáde, kí ó tọ bọ́sà, ẹni tí ó ń bójú tó owó ilé-ẹ̀kọ́, lọ kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀, kí ó sì mú ohun tí ó ní lọ́wọ́ dání; wọn a máa gbà kí irú òbí bẹ́ẹ̀ san ìyókù díẹ̀díẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti JSS1.