Ẹ Ka Hóró Oògùn Ibà Kí Ẹ Tó Di Ẹ̀bi Ru Dókítà

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ìdílé Bàrígà àti Màkókò lẹ́yìn tí ibà pa téló kan láàárín wa ní ìgbà òjò tó kọjá, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì lọ ká dókítà mọ́ ibi iṣẹ́ pé ayédèrú oògùn ló fún un. Nígbà tí a ń bá wọn palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ la ti rí páálí oògùn náà: nínú hóró 24 tí wọ́n kà fún un, 16 ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló lò ó.

A kò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti gọ́tà níhìn-ín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí a ń bá pàdé láti ojúlé dé ojúlé ni pé bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ ó fi ìyókù oògùn pamọ́ de ọmọ àbúrò. Bí àìsàn bá wá padà, dókítà lẹ ó kọ́kọ́ bú, kí ọ̀rọ̀ tó kan àwọn àgbà ilé ọkọ.

Oògùn ibà tí à ń pè ní artemether-lumefantrine, tí a kọ 20/120 sí lára (ìyẹn mílígíráàmù artemether 20 àti ti lumefantrine 120 nínú hóró kan), hóró 4 ni lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó bá tó kílò 35, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ 3. Kílò 25 sí 34, hóró 3. 15 sí 24, hóró 2. 5 sí 14, hóró 1. Bí ó bá jẹ́ 80/480, hóró 1 ló dípò 4. Bí ẹ bá lo àkọ́kọ́ ní aago 10 àárọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni èkejì, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti Oyingbo dé. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ 2. Ẹ fi oúnjẹ tó lépo tàbí wàrà gbé e mì. Bí ẹ bá bì í kí wákàtí 1 tó pé, ẹ tún un lò, kí ẹ sì lọ gba àfikún.

Ẹ fi bírò kọ aago kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn páálí. Dókítà náà lè ṣe àṣìṣe, a ò jiyàn. Ẹni tó lò ó pé tí ibà kò sì lọ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìdí, kó sì ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n páálí òfìfo ni kó mú dání, kó sì jẹ́wọ́ àgbo tó bá mu. Bí gìrì bá mú aláìsàn, tàbí kò mọ ẹni mọ́, ẹ má ka hóró kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.