Bí mo ṣe ya páànù Ìbàdàn láti Òkè Ààrẹ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun Òkè Ààrẹ kí àwòrán yìí tó bọ́ sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kó ẹrù bí ẹni tó ń lọ s'óko ọdún: pẹ́ńsùlù oríṣi mẹ́fà, kílínà, bíléèdì, pákó pẹlẹbẹ tí mo ń gbé ìwé lé. Dùgbẹ̀ ni mo ti ra púpọ̀ nínú wọn, owó oṣù ló bá a lọ. Kì í kúkú ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Báǹkì ni mò ń lọ lójoojúmọ́, Sátidé nìkan lọwọ́ mi ń dilẹ̀.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Íbàdàn. Bí ẹ bá bojú wolẹ̀ níbẹ̀, páànù lẹ ó máa rí lọ títí ojú yóò fi sú yín, èyí tó ti dógùn-ún pọ̀ ju tuntun lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi dé ìkẹtàdínlógún, oòrùn ti kan àtàrí, gbogbo òjìji ti sá, mi ò mọ èyí tí mo ti yà mọ́. Ohun tó wà lórí ìwé mi jọ àwọ̀n apẹja.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà kan ti bá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìjọba ló rán ẹ? Ilé ta ni wọ́n tún fẹ́ wó?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwòrán lásán ni mò ń yà."

Wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà. "Tèmi dà níbẹ̀?"

Mo nàka sí ibì kan. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, "ṣé bó ṣe wọ́ nìyẹn?"

Ó wọ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ, òjò lé mi wálẹ̀.

Orí okùn tí ìyá mi ń sá aṣọ sí ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Adìrẹ ẹlẹ́kọ wọn àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó. Ta ló rí ṣíbí ní Mápó rí? Aládìrẹ ló wù, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ, wọn a fi ya aṣọ, kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọlé. Òpó tí mò ń wò yìí, aró ò kàn án rárá. Àyíká rẹ̀ ló dúdú.

Èmi sì ti ń fi pẹ́ńsùlù ha páànù láti àárọ̀!

Lẹ́ẹ̀kẹta, aago méje ti bá mi lókè, òjìji ṣì gùn. Pẹ́ńsùlù méjì ni mo mú, 6B tó rọ̀ tó sì dúdú, àti H tó le, pẹ̀lú èédú tí mo tọrọ lọ́wọ́ alágbàdo. Mo pa ojú dé díẹ̀ kí n má baà rí fèrèsé àti wáyà iná, dúdú àti funfun nìkan ló kù. Mo wá ya òjìji: abẹ́ etí òrùlé, àlàfo láàárín ilé sí ilé, ojú àgbàrá. Mi ò fọwọ́ kan páànù kankan, àwọn fúnra wọn ló jáde. Òkè tó wà lọ́nà jíjìn ni mo fi H fẹ́rẹ́ lé. Wákàtí kan ààbọ̀, mo ti ṣe tán.

Àwọ̀ ló kù. Mo rin ẹyọ obì kan, mo rẹ ẹ́ sínú ààbọ̀ ife omi mọ́jú, mo sẹ́ ẹ. Àwọ̀ ìdógùn-ún gan-an ló mú wá. Ẹ má dán an wò lórí ìwé A4 o. Tèmi àkọ́kọ́ hunjọ bí ewé gbígbẹ. Káádíbọ́ọ̀dù ló gbà á.

Mo gbé e padà lọ fún Màmá ọjọ́sí. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fìka lé òrùlé wọn.

"Èyí ti pọ́n jù. Ọdún tó kọjá la pààrọ̀ páànù yìí."

Mo mú kílínà. Kílínà ò ràn án, obì ti wọ̀ ọ́ lára.