Ọṣẹ Ṣíṣe Ní Kíṣìnnì: Ẹ Gbé Agolo Mílíkì Sílẹ̀, Ẹ Lọ Ra Sikéèlì

Látìgbà táwọn èèyàn ti kọ́ ọṣẹ ṣíṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tán, ọṣẹ tó ń bó oníbàárà lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá wa ṣáá, tá a bá sì bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe wọn kọ́sítíìkì yín (sódà tó ń sọ epo di ọṣẹ, tó bá sì pọ̀ jù, òun ló ń bó èèyàn lára), wọ́n á ní agolo mílíkì kan àti díẹ̀. Díẹ̀ tó báwo?

Kọ́sítíìkì tí wọ́n ń tà l'Ọ́jọ́ta ò rí bákan náà, òmíì pẹlẹbẹ, òmíì rí roboto wẹ́wẹ́, agolo kan nínú èyí ò lè wúwo tó agolo kan nínú tọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá tún ṣí ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó wa níbí, ṣe ló máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á lẹ̀ pọ̀. Sikéèlì tí wọ́n fi ń wọn fúláwà kéèkì ti tó, ẹ kọ́kọ́ ka owó àdín tẹ́ ẹ ti dà nù kẹ́ ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Àdín gíráàmù 300, epo pupa 200, kọ́sítíìkì 77, omi 170. Gbogbo ẹ̀ ló ń gorí sikéèlì o, títí kan omi. Tó bá jẹ́ òróró àgbọn lẹ fi rọ́pò àdín, kọ́sítíìkì á di 79. Ọṣẹ yẹn á pọ́n díẹ̀, kò burú, ẹ má torí ẹ̀ máa yan epo kó lè funfun, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ, iná ò mọ ẹni tó ni kíṣìnnì.

Kọ́sítíìkì lẹ máa dà sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé e lórí, á ru tà sí yín lójú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì, inú ike tó nípọn, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù torí ó máa ń jẹ ẹ́. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sínú epo tóun náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa fi ọmọrogùn rò ó títí á fi ki bí ògì tó jiná (ọmọrogùn yẹn ò gbọdọ̀ fojú kan àmàlà mọ́ láyé), kẹ́ ẹ wá dà á sínú páálí tẹ́ ẹ ti tẹ́ ọ̀rá sí. Ẹ gé e lọ́jọ́ kejì, ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó lọ ra ọṣẹ lọ́jà.

Ẹ má rọ kọ́sítíìkì tó kù sínú ike omi tàbí ti mínírà, ọmọdé á gbé e mu. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, ọsibítù ni tààrà. Tó bá ta sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe fínígà.

Èyí tẹ́ ẹ ti fi agolo ṣe ńkọ́? Ẹ má tà á. A ò lè bá yín tún un ṣe, torí ẹ̀yin gan-an ò mọ iye tẹ́ ẹ dà sí i.