Bí mo ṣe to táǹkì iyùn omi iyọ̀ sílé, àti bí mo ṣe fẹ̀ ẹ́

Iyùn tí mo ń sọ ni coral, ẹ̀dá alààyè inú òkun. Dígí tí mo lò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Tí omi bá kún un dẹ́nu, lítà 270 ni. Lítà omi òkun kan sì wúwo ju kílò kan lọ, nítorí náà kí òkúta àti iyanrìn tó dé rárá, ẹrù náà ti ju kílò 270 lọ. Igi nípọn ni mo fi kan ìdúró rẹ̀, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó níbùú lóròó. Mo tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ dígí nítorí pé kò ní férémù nísàlẹ̀. Èyí tó bá ní férémù, ẹ má fi fóòmù sí i: fóòmù lè máa ti ìdí dígí sókè títí yóò fi sán.

Omi ni iṣẹ́ gan-an. Omi ẹ̀rọ kò ṣeé lò bó ṣe wà. Chlorine wà nínú rẹ̀, phosphate àti silicate lè wà, bàbà sì lè ti ara páìpù bá a wọlé. Ìwọ̀n bàbà tí ẹja kò kà sí yóò pa edé, ìgbín àti iyùn. Ẹ̀rọ RO/DI, ẹ̀rọ asẹ́mi tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi, ni mo fi sẹ́ ẹ títí òǹkà TDS (iye ohun tó yòrò sínú omi) fi jẹ́ 0.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún táǹkì iyùn ni, bíi gíráàmù 38 sí lítà kan. Mo kọ́kọ́ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, mo ki pọ́ǹpù kékeré bọ̀ ọ́ kí ó máa rú u, kí n tó máa wọ́n iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da iyọ̀ sílẹ̀ tó wá bu omi lé e lórí yóò rí i kí omi náà funfun bí omi ẹfun: calcium rẹ̀ ti dì, kò sì ní yòrò mọ́. Mo ń wá 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi òkun kan), ìyẹn 1.026 lórí òṣùwọ̀n specific gravity ní 25°C. Omi ìdíwọ̀n 35 ppt ni mo fi tọ́ refractometer, ohun èlò tí a fi ń wo iyọ̀ omi, sọ́nà, kì í ṣe omi lásán. Ohun èlò tó bá pé níbi 0 lè ṣì nígbà tó bá dé 35.

Òkúta gbígbẹ kílò 25 wọlé ṣáájú iyanrìn, ó jókòó sórí dígí tààrà. Ẹ̀dá tó ń gbẹ́lẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó máa wọlé, òkúta tó bá dúró lórí iyanrìn yóò sì wó lọ́jọ́ kan. Iyanrìn aragonite kílò 25 ló fún mi ní jínjìn sẹ̀ǹtímítà 3. Pọ́ǹpù atú-omi méjì ń tú bíi lítà 6,000 ní wákàtí kan. Hítà 100 wáàtì méjì ni mo fi sí i dípò ẹyọ kan tó jẹ́ 200, torí bí ọ̀kan bá di mọ́ títàn, kò ní se ẹja.

Mo kán ammonium chloride sí i títí àmóníà fi dé 2 ppm (bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan), mi ò sì fi ẹja kankan sí i. Kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ àmóníà di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate. Ọ̀sẹ̀ 5 ló gbà. Nígbà tí mo fi 2 ppm mìíràn sí i, tí àmóníà àti nitrite jọ padà sí 0 kí wákàtí 24 tó pé, táǹkì ti gbó. Mo pààrọ̀ omi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ìgbín omi wọlé, lẹ́yìn náà ẹja clownfish méjì. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ bo iyanrìn láàárín ìgbà yẹn. Diatom, èéhù àìfojúrí kan, ni, silicate ló ń jẹ, ó lọ fúnra rẹ̀.

Omi ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Táǹkì mi ń pàdánù lítà 3 sí 4 lójúmọ́, omi RO/DI tí kò ní iyọ̀ sì ni mo fi ń dí i. Floater, bọ́tìnì tó ń léfòó lójú omi, ló ń tan pọ́ǹpù rẹ̀, òun náà ló ń pa á. Ìgbín kan lè gùn ún mọ́lẹ̀ kí pọ́ǹpù má kú mọ́, nítorí náà lítà 20 péré ni agolo omi náà ń gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ dà sínú bíi lítà 200 omi tó wà nínú táǹkì gan-an, iyọ̀ yóò wálẹ̀ láti 35 sí bíi 32. Ìyẹn ò dáa, àmọ́ kò pani.

Ní oṣù kẹrin, iyùn rírọ̀ wọlé. Mo wọ ìbọ̀wọ́ fún zoanthid, irú iyùn rírọ̀ kan, torí májèlé palytoxin tó wà lára àwọn kan nínú wọn kì í ṣe eré.

Fífẹ̀ ẹ́ wá kù. Kí ẹ tó lu ihò sí dígí kí omi lè gba páìpù wálẹ̀, ẹ mọ̀ bóyá wọ́n fi iná le é (tempered). Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ yángá. Sump, táǹkì kejì tí omi ń ṣàn sí tí pọ́ǹpù sì ń dá a padà sókè, tí mo gbé sísàlẹ̀ gùn ní 90, ó fẹ̀ ní 40, ó ga ní 40. Mo fi omi sí i dé 22, ó ku sẹ̀ǹtímítà 18 lókè, ìyẹn àyè lítà bíi 65. Ojú omi òkè jẹ́ 120 lọ́nà 45, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1 níbẹ̀ jẹ́ lítà 5.4. Bí pọ́ǹpù bá kú, omi yóò máa fà padà gba páìpù títí ẹnu páìpù yóò fi rí afẹ́fẹ́. Ẹnu páìpù tó rì ní sẹ̀ǹtímítà 15 yóò da lítà 81 sísàlẹ̀, 16 nínú rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi tèmi sí 2. Check valve, ẹnu-ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí omi padà? Mi ò gbára lé e, ìkarahun ìgbín kékeré kan tó láti há a ní ẹnu. Mo pa pọ́ǹpù, mo dúró títí omi fi dẹ́kun wíwálẹ̀, mo lẹ téèpù mọ́ ibi tó dé.

Omi ti di lítà 280. Kí sump tó dé, iyùn líle ń fa 1.4 dKH (òṣùwọ̀n carbonate tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀) lójúmọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 1. Àwọn kan á rí i, wọ́n á dín ohun tí wọ́n ń fi sí i kù. Àṣìṣe ni. Iyùn ò mọ̀ pé omi pọ̀ sí i, iye tó ń jẹ kò yí padà. 1 dKH nínú lítà 280 jẹ́ gíráàmù 8.4 sodium bicarbonate, calcium tó bá a rìn sì jẹ́ gíráàmù 2. Ọ̀tọ̀ ni mo ń po ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni wákàtí tí mo ń dà wọ́n. Tí wọ́n bá pàdé kí wọ́n tó fọ́n ká, omi ẹfun yẹn náà ni.

Skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfóòfò kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, tuntun tó wà nínú sump lágbára jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nitrate àti phosphate jọ wà ní 0, dinoflagellate, ẹ̀dá àìfojúrí kan tó ń bo nǹkan bí èéhù, sì yọ: ó ń fà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, afẹ́fẹ́ kéékèèké há sínú rẹ̀, ó ń dín kù lóru, ó ń padà lọ́sàn-án. Mo ń pa skimmer lálẹ́, mo fi kún oúnjẹ ẹja, mo dá omi pípààrọ̀ dúró. Nígbà tí nitrate dé 5 ppm, tí phosphate dé 0.05 ppm, orí iyanrìn ló ti kọ́kọ́ mọ́, òkúta tẹ̀lé e.