Síkáànì eyín àtọwọ́dá fún àwọn àgbà wa: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ yàgò fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà n'Ífẹ̀ àti Iléṣà, àti ẹ̀yin tí ìyá yín ń gbé irú ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ eyín ni mo bá wá. Ìgbà tí eyín àtọwọ́dá bá ti sọnù tán la máa ń rántí síkánà, ẹ̀rọ tó ń fi kámẹ́rà ya bí eyín tàbí inú ẹnu ṣe rí sínú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Màmá á yọ eyín wọn, wọ́n á wé e sínú tíṣù, wọ́n á tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹni tó wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ á kó tíṣù dà sínú ìdọ̀tí, ó parí. Tàbí kó bọ́ mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ sínú síǹkì kó sì là sí méjì. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ wá ń pe dókítà eyín kiri pé ẹ gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti ń ṣe eyín báyìí.

Ó ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ohun tó bá rí ló máa ṣe o. Ìgbà tí eyín yẹn ṣì bá wọn lẹ́nu mu, tí wọ́n ṣì ń fi jẹ iyán tòun ti ẹran, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n síkáànì rẹ̀, inú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹ̀ yíká. Màmá ò tiẹ̀ ní la ẹnu, torí eyín nìkan ni wọ́n ń yà. Tí fáìlì bá ti wà nílẹ̀, ọjọ́ tí eyín bá sọnù, láàbù tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ á lè tẹ òmíràn jáde tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí tó ti le gbagidi sára eyín, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ìdọ̀tí ni, á yà á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má da omi gbígbóná lé e, torí ó lè wọ́, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́, ẹ má sì fi péèsì ìfọyín ha á lára. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó.

Ẹni tí kò ní eyín kankan wá ńkọ́, tó jẹ́ pé inú ẹnu gan-an ni wọ́n fẹ́ yà? Àwọn kan rò pé tí síkánà bá ti wọ ẹnu, iṣẹ́ ti bùṣe. Irọ́ ni jàre, ẹnu tí kò léyín ló ń yọ ẹ̀rọ yìí lẹ́nu jù. Eyín ní igun àti kọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà fi ń mọ ibi tó wà, erìgì lásán ń dán, gbogbo ẹ̀ sì jọra, tí itọ́ bá tún wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ á máa rìn gbéregbère lábẹ́ àjà ẹnu bí àlejò tó bọ́ sí Lagere n'Ífẹ̀ lóru tí NEPA mú iná lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀sì nu itọ́ kúrò, kí ẹnì kan bá wọn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Párì ìsàlẹ̀ tún le ju tòkè lọ torí ahọ́n ò sinmi, ẹran ibẹ̀ sì ń yí. Tí dókítà bá ní òun á fi nǹkan pípò ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pò tí wọ́n ń kì sẹ́nu kó lè mú bí erìgì ṣe rí, mú ti ìsàlẹ̀, ẹ má bá wọn jà pé wọn ò lajú.

Ẹ má sì ṣe é nígbà tí erìgì bá wú tàbí tó pọ́n. Ẹni tó ń fi eyín sùn mọ́jú ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ya èyí tó wú, ọjọ́ tó bá fọn, eyín tuntun á máa mì lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ lálẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Japan, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, lórí àwọn ọmọ ọdún 85 sókè fi hàn pé òtútù àyà ń mú àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ju ìlọ́po méjì àwọn tó ń yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yọ eyín gidi náà, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ tó ya ẹnu rẹ̀, egungun ibẹ̀ ń fà wọlé gan-an láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́.

Eyín àtijọ́ tó ti tú, ẹ má jù ú nù o! Erìgì ò lè sọ bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé, eyín àtijọ́ yẹn ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni kẹ́nì kan kàn wọlé, kó ki irin bọ Bàbá lẹ́nu, tí iyè wọn sì ti ń ra. Wọ́n á gé e jẹ, ẹ ò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹ kúnlẹ̀, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o", ẹ fi nǹkan ọ̀hún hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dáa, ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í balẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, kí wọ́n yọnu dáadáa ná. Tí wọ́n bá fọwọ́ tì yín, ẹ dúró. Oore síkánà nìyẹn, ẹ lè dá a dúró kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dé, nǹkan pípò ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè yọ́ lọ sọ́nà ọ̀fun ẹni tí kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa.

Tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ̀yin kan á fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ẹ́ fi ránṣẹ́ sórí grúùpù WhatsApp ẹbí, orúkọ Màmá gàdàgbà lókè. Òfin dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré, yàtọ̀ sí ìyẹn, láàbù kankan ò lè fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ṣe eyín. Fáìlì STL, ìyẹn èyí tó gbé bí eyín ṣe rí yíká dání, ni kẹ́ ẹ gbà. STL ò sì gbé àwọ̀ dání, torí náà ẹ béèrè nọ́ńbà àwọ̀ eyín náà, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì ìtọ́jú Màmá, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ dókítà, kí ìkejì wà lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú.