Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun fẹ́ gba ilé yín là: àṣìṣe àwọn onílé ní New York

Ní New York, báǹkì kò lè gba ilé lọ́wọ́ onílé tó jẹ gbèsè owó tó fi ra ilé láìgba kóòtù kọjá. Ẹjọ́ náà máa ń falẹ̀, òfin sì fún onílé láyè púpọ̀. Síbẹ̀, ní Brooklyn àti Queens, ojoojúmọ́ ni àwa olùdámọ̀ràn onílé ń rí àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn da ilé nù, tí wọ́n tún fi owó gidi kún un. Ó ti sú wa.

Àkọ́kọ́: kíkó lẹ́tà báǹkì sínú dúrọ́ọ̀ láìṣí i. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí gbèsè kọjá ọjọ́ 120 kí báǹkì tó pẹjọ́. Òfin ìpínlẹ̀ tún ní kí wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 90, ó kéré tán, ṣáájú ẹjọ́, kí orúkọ àwọn àjọ olùdámọ̀ràn tó ń ran onílé lọ́wọ́ sì wà nínú rẹ̀. Inú ìwé tí ẹ kò ṣí yẹn gan-an ni ìrànlọ́wọ́ wà. Tí ẹjọ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, owó lọ́yà báǹkì náà yóò gun orí gbèsè yín.

Èkejì: pípe báǹkì lórí fóònù, kí a wá rò pé a ti dá kóòtù lóhùn. Bí wọ́n bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé yín lọ́wọ́, ọjọ́ 20 lẹ ní láti fèsì. Bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn dé, ọjọ́ 30 ni. Ìwé ni èsì yẹn: ẹ ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, ẹ ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí lọ́yà báǹkì. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má tìtorí ìtìjú sá fún ìpàdé ìlàjà tí kóòtù yóò pè. Ẹni tó bá yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè rí ọjọ́ 30 mìíràn gbà láti fèsì.

Ẹ̀kẹta: fọ́ọ̀mù àbọ̀, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń bẹ báǹkì kó yí àdéhùn gbèsè padà, tí ẹ kò kún tán. Báǹkì fẹ́ ẹ̀rí owó oṣù, àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù méjì, ìwé owó-orí, lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun tó fa ìṣòro, àti ìwé àdéhùn ayálégbé bí ẹ bá ń gba owó ilé. Bí àkọsílẹ̀ àkáǹtì bá jẹ́ ojú ewé mẹ́fà, ẹ fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́, títí kan èyí tó ṣófo. Ojú ewé kan tó sọnù ni wọn ó fi sọ pé ìwé kò pé. Bí ẹ bá fi ń wá a, àwọn ìyókù á ti gbó, wọn á sì tún béèrè tuntun. Bí fọ́ọ̀mù bá pé, tó sì dé ju ọjọ́ 37 lọ ṣáájú ọjọ́ gbàǹjo, báǹkì kò gbọdọ̀ ta ilé náà kó tó dá yín lóhùn. Èyí tó bá dé nígbà tí gbàǹjo ku ọ̀la kò ní agbára yẹn.

Èyí tó ń dùn wá jù kò ní nọ́ńbà. Ẹjọ́ ilé kì í ṣe àṣírí. Lọ́jọ́ tí báǹkì bá ti pẹjọ́, orúkọ yín ti wà nínú ìwé gbangba, àwọn gbájú-ẹ̀ sì ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Wọn á fi lẹ́tà tó jọ ti ìjọba ránṣẹ́. Nígbà mìíràn, ọmọ ìlú ẹni ni wọ́n á rán síwájú, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. "Mọ́mì, ẹ má bá báǹkì sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni n ó máa bá wọn sọ ọ́. Ẹ ṣáà mú nǹkan wá." Yàtọ̀ sí lọ́yà, tó ní ìlànà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó irú ìrànlọ́wọ́ yìí lọ́wọ́ yín kí báǹkì tó gbé àdéhùn tuntun wá, kí ẹ sì tó gbà á. Fọ́ọ̀mù kan náà ni olùdámọ̀ràn yóò bá yín kún lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, tàbí 855-466-3456, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún onílé. Lóòótọ́, ọ́fíìsì àwa olùdámọ̀ràn há, a sì máa ń béèrè ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ fara dà á.

Ìbuwọ́lùwé tún burú ju owó lọ. Wọn á ní kí ẹ yí ìwé ilé sí orúkọ ẹlòmíràn "fúngbà díẹ̀", kí ẹni náà lè yá owó tó dára jù, pé ẹ ó gba ilé padà bó bá yá. Orúkọ yín kúrò lórí ìwé ilé, kò kúrò lórí gbèsè. Ilé di tirẹ̀, gbèsè ṣì jẹ́ tiyín. Láti ọdún 2024 ni òfin New York ti ka jíjí ìwé ilé sí olè jíjà, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí kóòtù tó dá ilé padà. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun tí lọ́yà tiyín kò tíì kà, kì í ṣe lọ́yà tí wọ́n bá yín mú wá o. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ lórí ACRIS, ìkànnì ìwé ilé ti ìjọba ìlú: ọ̀fẹ́ ni, wọn á fi ìmeèlì tó yín létí bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé kankan sílẹ̀ lórí ilé yín. Ti Staten Island kò sí níbẹ̀. Ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì Richmond, ìyẹn káúńtì Staten Island, ni kí ẹ lọ.

Ẹ̀yin tí òbí yín kú tí ilé kù sílẹ̀: ìpàdé ẹbí kì í yí orúkọ padà lórí ìwé. Surrogate's Court, kóòtù tó ń bójú tó ogún, lẹ ó lọ. Báǹkì kò lè ní kí ọmọ tó jogún ilé, tó sì ń gbé inú rẹ̀, san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà torí pé òbí kú. Òfin ọdún 1982 ti dá wọn lẹ́kun. Tẹ́lẹ̀, bí àbúrò kan bá ta ìpín tirẹ̀ fún oníṣòwò, oníṣòwò yẹn lè pẹjọ́ kí wọ́n ta gbogbo ilé; òfin ọdún 2024 ti dín agbára yẹn kù.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà: ètò HomeFirst ti ìjọba ìlú lè fi tó $100,000 ràn yín lọ́wọ́ lórí owó àkọ́san, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lu àdéhùn, torí ẹ̀kọ́ onílé wà tí ẹ ní láti ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo báǹkì ló ń bá ètò náà ṣiṣẹ́. Ẹ má sì ka owó tí ẹ rò pé ẹ ó gbà lọ́wọ́ ayálégbé ìsàlẹ̀ ilé mọ́ ìṣirò yín. Bí wọ́n bá fi ìsàlẹ̀ ilé ìdílé méjì ṣe ìdílé kẹta láìgba ìwé àṣẹ, tí ayálégbé wá kọ̀ láti sanwó, kóòtù kò ní bá yín gbà á. Ẹ yẹ ìwé àṣẹ ìgbélé wò lórí ìkànnì Department of Buildings, iléeṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń bójú tó ilé kíkọ́, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó máa yẹ ilé wò.